Mulla Idan, Ẹni Tó Gbé Ìdáhùn Mì

"Ta ló bá a wà níbẹ̀?"

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n yín Lafta bi yín nìyẹn, Bàbá, lójú gbogbo àlejò, nínú ilé wa ní Kadhimiya ní Baghdad, ní ọjọ́ ìrántí Ìmáàmù Mùsá nínú oṣù Rajab. Gẹ́gẹ́ bí mulla tó ń sọ ìtàn Ìmáàmù, ẹ ti sọ ọ́ dé inú ẹ̀wọ̀n. Ẹ ti sọ bí kálífà ṣe dúró lórí òrùlé, tó wo ìsàlẹ̀, tó ní, aṣọ wo ni wọ́n jù sílẹ̀ yẹn? Ẹ ti sọ bí wọ́n ṣe dá a lóhùn pé kì í ṣe aṣọ, Mùsá ọmọ Jáfárù ni, láti ìgbà tí oòrùn ti yọ ló ti foríkanlẹ̀. Ẹ wá wọ ilé wọ́dà tó kẹ́yìn, ẹ ń sọ bí Ìmáàmù ṣe ń fi òru yin Ọlọ́run títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àwọn ènìyàn ti ń sunkún. Ìgbà náà ni Bàbá Lafta gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Idan, dúró ná. O ní òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ó dáa. Ẹni tó wà lórí òrùlé, aṣọ ló rò pé òun rí, aṣọ kì í sì í sọ̀rọ̀. Nínú ilé tó kẹ́yìn yìí ńkọ́? Ta ló bá a wà níbẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe lóru? Àbí ìwọ lò ń tan fìtílà fún un?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, "Mulla, ẹ dá wọn lóhùn o!"

Ẹ mu omi díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n yín. Lẹ́yìn náà ẹ kọjá tààrà sórí afárá, níbi tí àwọn alágbàrù mẹ́rin gbé òkú Ìmáàmù sí, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ìbéèrè náà dúró nínú yàrá bẹ́ẹ̀.

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ, Bàbá. Ọdún márùn-ún!

Hawra ọmọ yín ti lọ́kọ. Apòògùn ni ọkọ rẹ̀, ènìyàn jẹ́jẹ́, àfi pé kò mọ ayò ta. Wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan tó gbé etí yín wáyé, ó ṣeni láàánú. Òkè ilé tí ẹ fi sílẹ̀ láìní òrùlé ti ní òrùlé. Màmá ló yan ọ̀dà ilẹ̀kùn, àwọ̀ ewé tútù, gbogbo wa la sì ń fara dà á.

Ìsọ̀ yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ibojì mímọ́ Ìmáàmù ṣì ń ṣí. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Basra, ìjọba kò tíì pè mí síṣẹ́, nítorí náà òrùka àti tẹ̀sùbáà ni mò ń tà. Àwọn oníbàárà yín tó ń ti Iran wá ṣì ń béèrè yín. Wọ́n á dúró, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Ọmọ, bàbá tí kì í kán wa lójú dà?" Mo máa ń sọ fún wọn. Àwọn kan á ra nǹkan tí wọn kò fẹ́ rà.

A ti gbé yín kúrò ní ibojì tuntun tí wọ́n sin àwọn òkú kòrónà sí ní Najaf. Àwọn olùyọ̀ǹda tó wọ aṣọ funfun bo ara látòkè délẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin yín, wọn kò jẹ́ kí a sún mọ́ tòsí. Nígbà tí ìjọba gbà fún wa, a gbé yín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín. Bàbá Lafta wá lọ́jọ́ náà. Ó dúró ti mọ́tò, kò sún mọ́ ibojì rárá. Màmá rí i.

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Bàbá Lafta lọ ń sọ ọ́ kiri ilé tíì pé òun fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa àbúrò òun lẹ́nu mọ́. Ní Rajab tó tẹ̀ lé e, àwọn tó wá jókòó nílé wa kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì kò bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ kò bú u. Ẹ kò ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì ń kí àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń kí wọn tẹ́lẹ̀. Títí kòrónà fi dé, bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ mọ̀ mí: ohun tó bá ti ní ihò, mi ò lè fi sílẹ̀. Basra tí mo ti kàwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ti Ìmáàmù mọ́lé kí wọ́n tó gbé e wá sí Baghdad, mo sì máa ń rò pé ó yẹ kí ẹnì kan nílùú yẹn mọ ìdáhùn. Kò pẹ́ rárá kí n tó rí i nínú ìwé ìtàn. Wọ́dà tó kẹ́yìn ní arábìnrin kan, olùfọkànsìn. Òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa mójú tó ẹlẹ́wọ̀n náà. Òun ló rí bí Ìmáàmù ṣe ń fi òru yin Ọlọ́run, bó ṣe ń dìde kírun títí di òwúrọ̀. Òun ló sọ ọ́ síta. Wọ́n ní bó bá ti wò ó, á ní àwọn tó gbógun ti irú ọkùnrin yìí ti pàdánù.

Mo gbé e délé bí ẹni tó rí ìṣúra. Màmá ń ṣa ìrẹsì.

"Ìyẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?" ni ó wí. "Bàbá ẹ sọ ọ́ fún mi ní ọdún tí wọ́n gbé mi wọlé."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n? Kí ló dé tí wọn ò fi sọ ọ́?"

"Àwọn àlejò ló wà ńlẹ̀. Lafta ló tọ́ bàbá ẹ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ó ní tí òun bá dáhùn, ojú ẹ̀gbọ́n òun á wálẹ̀ nínú ilé òun. Ó ní òun á kúkú gbé e mì."

"Ẹ̀yin náà ò sì sọ ọ́, Màmá."

"Ó ní kí n má sọ ọ́. Ìwọ ńkọ́, ṣé wà á gbé e mì, àbí ilé tíì lo fẹ́ gba lọ báyìí? Mú ọwọ́ ẹ kúrò nínú ìrẹsì mi."

Mo wá rántí pé lóòótọ́ ni, ẹ kò sọ nípa obìnrin yẹn rí nínú ìjókòó ilé wa. Kí ìjà tó dé, ẹ máa ń sáré dé orí afárá nítorí pé oúnjẹ ń tutù. Lẹ́yìn ìjà, bí ẹ bá sọ ọ́, á dà bí ẹni ń fèsì. Ẹ kò sọ ọ́ rárá.

Ẹni tó ń gbé ìbínú mì ni a ń pe Ìmáàmù wa; Kadhimiya tí à ń gbé gan-an, orúkọ yẹn ló ń jẹ́. Ìgbà tí èmi àti Hawra bá ń jà lórí ìrọ̀rí lẹ máa ń sọ ìtàn ọkùnrin ará Medina tó máa ń bú u. Àwọn ọmọlẹ́yìn fẹ́ lu ọkùnrin náà, Ìmáàmù ní rárá. Ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí oko rẹ̀, ó gba àárín ọ̀gbìn kọjá, ọkùnrin náà ń pariwo, "Má tẹ ọ̀gbìn mi!" Ìmáàmù jókòó tì í, ó ń bá a ṣẹ̀fẹ̀, ó bi í pé kí ló ń retí lórí oko náà, ó sì fún un ju ohun tó ń retí lọ. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ dìde kí i. Mo rò nígbà náà pé ìtàn tí wọ́n fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe lẹ ń sọ fún wa.

Ní ọdún yìí, kí Rajab tó wọlé, Bàbá Lafta kan ilẹ̀kùn. Ó ti rù. Ó fi ọwọ́ kan di òpó ilẹ̀kùn mú, kò wọlé.

"Ìyá Wisam, wọ́n fẹ́ la àyà mi."

"Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti ń lọ láti ilé dé ilé. Gbogbo ẹni tí mo ṣẹ̀ ti fi jì mí, títí kan ẹni tó ń gbé gáàsì kiri, ìyẹn gan-an ló sì yẹ kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó ku Idan."

"Èyí tó jẹ́ tèmi, mo ti fi jì yín. Tirẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi."

"Ṣebí ìwọ ni ìyàwó rẹ̀."

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí, èmi kọ́ ni ẹnu rẹ̀. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ó fi jì yín?"

"Àlùfáà ní kí n máa ṣàdúrà fún un, kí n máa ṣe sàráà. Mo ti ń ṣe é. Kò tó mi. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn mí láìmọ̀ bóyá ó fi jì mí."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ọmọ ọmọ."

"Olóríkunkun ni mí. Idan mọ̀."

Dókítà ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé láìṣe iṣẹ́ abẹ náà, ọkàn rẹ̀ kò ní rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màmá wọ ilé ìdáná, ó ń sunkún. Mo ní kó kàn sọ pé ẹ fi jì í, kí ọ̀rọ̀ parí. Ó yíjú sí mi. "Mi ò lè parọ́ mọ́ òkú lẹ́nu, Wisam."

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó gbọ́ yín. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa ní ọsibítù tí ẹ kú sí, ẹ mọ̀. Wọ́n ti ti ọ̀nà, èmi wà ní Basra. Àìsàn náà ti dá Màmá àti Hawra dùbúlẹ̀ sílé. Fóònù yín bọ́ sọnù kété tí wọ́n gbé yín débẹ̀. Mo kọ̀wé sí dókítà tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó ti lọ sí Jámánì. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí n má bínú, ìbòmú ni gbogbo ènìyàn wọ̀, òun kò rántí ojú kankan. Mo ya yàrá ọsibítù náà sí ara páálí, bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e kọ́ ògiri.

"Ṣé ọsibítù lo fẹ́ kọ́ ni?" ni Hawra wí nígbà tó rí i. "Kọ́kọ́ kọ́ ilé tí wà á gbé ìyàwó sí."

Mo rí ọkùnrin kan tó yè, tó ń tún aago ṣe ní Karkh. Bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà ni òun wà. Ó ní ẹ wà lójú fèrèsé, ọkùnrin sísanra kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìyàwó ọkùnrin náà sì kọ̀ láti lọ sílé, àní nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e. Ṣé ó mọ orúkọ rẹ̀? Rárá. Ṣé ó rí ojú rẹ̀? Ta ló ń rí ojú ẹnikẹ́ni nígbà náà?

Obìnrin kan tí kò lórúkọ, nínú gbogbo Baghdad! Mo yọ páálí kúrò lára ògiri. Láràárọ̀ kí n tó ṣí ìsọ̀, mo máa ń wọlé lọ bá Ìmáàmù, torí pé ẹnu ọ̀nà tí àwọn aláìní ń kàn ni wọ́n ń pè é. Mi ò sọ̀rọ̀ dídùn kankan níbẹ̀. Mo kàn ní, ẹ̀yin ẹ rí arábìnrin wọ́dà. Ẹ jọ̀ọ́, tiwa dà?

Ọjọ́ ìrántí pé. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá kún gbogbo ọ̀nà, àsíá dúdú àti àsíá aláwọ̀ ewé. Mulla tuntun ni a pè, ọ̀dọ́kùnrin kan tó fẹ́ràn makirofóònù púpọ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó ní yàrá àlejò, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé bó ṣe máa ń rí. Bàbá Lafta jókòó sórí àga oníke níta lẹ́nu ọ̀nà, bó ti ń ṣe lọ́dọọdún láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ó ń pín omi fún àwọn tó ń kọjá. Kò wọlé. Mulla sọ ìtàn, a sunkún, ó dé orí afárá, ó ṣe àdúrà, ó parí.

Hawra gbé àwo ife òfìfo wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Rasim tó jókòó ti tíì ń bínú sí mulla yín."

"Kí ló ṣe?"

"Ó ní ó fo arábìnrin wọ́dà. Ó ní Mulla Idan kì í fò ó ní tirẹ̀."

"Sọ fún un pé ẹnu mulla náà kò tíì..." Mo gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tún un sọ."

"Kí n tún kí ni sọ?"

"Hawra, Bàbá ò sọ ọ́ nínú ilé yìí rí. Níbo ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Ó kàn máa ń wá ni. Ó máa ń mú dàbínù wá, ó máa ń jókòó ti tíì, ó máa ń bá wa fọ ife. Màmá rò pé aládùúgbò ìyàwó Bàbá Lafta ni."

"Ẹ ò bi í?"

"Ta ló ń bi àlejò Ìmáàmù pé níbo lo ti wá?"

Òótọ́ ni. Ilé tí wọ́n bá ti ń rántí Ìmáàmù, ẹni tó bá wọlé, tíì là ń fún un. A kì í bi í ní orúkọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Mo wúkọ́ lẹ́nu aṣọ ìkélé. Màmá fa etí aṣọ náà díẹ̀. Ìyá Rasim jókòó ti ìkòkò tíì gẹ́gẹ́ bí Hawra ṣe wí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì wò mí bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

"Ìyá Rasim, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti gbọ́ bàbá mi?"

"Ní ọsibítù. Níbo ni ì bá tún jẹ́? Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kan ti ọkọ mi, lójú fèrèsé. Ìtàn ló ń sọ fún un nírọ̀lẹ́, kó má bàa máa gbọ́ ìró àwọn ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tó dé ibi arábìnrin wọ́dà, ó nawọ́ sí mi, ó ní, 'Ẹ wò ó, tiwa nìyí.' Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn." Ó fi àbáyà rẹ̀ nu ojú. "Ìyẹn ni mo ṣe ń wá síbí. Òun ló júwe ilé fún mi."

"Ẹ ò sì sọ fún wa!" ni Màmá wí.

"Ẹ ò bi mí. Ta ló máa ń ròyìn ọsibítù nídìí ẹkún Ìmáàmù? Mo rò pé ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu àwọn dókítà."

Màmá di aṣọ ìkélé mú. Mo rí i tó mí kanlẹ̀. "Ìyá Rasim. Ǹjẹ́ ó dárúkọ Lafta?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Àní ó yá fóònù mi pè é! Orí ló ti yọ nọ́ńbà náà. Kò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e. Mulla bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, 'Lafta nìyẹn. Kì í gbé nọ́ńbà tí kò mọ̀, á ní wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ fún òun.'"

"Kí ló fẹ́ bá a sọ?"

"Ọ̀rọ̀ Rajab ni. Ó ní ọmọ òun wà ní Basra, obìnrin ò sì lè dá gbé ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ àlejò kúrò lórí iná. Ó ní kí Lafta wá gbé e, kó sì dúró ti oúnjẹ náà, torí pé òun nìkan ló mọ bí ìyá wọn ṣe ń sè é. Ó ní bí òun bá lọ, òun kò fẹ́ ẹlòmíràn nídìí ìkòkò yẹn." Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló dé? Ṣé kò wá ni? Ọdọọdún ni mò ń rí i níta tó ń pín omi. Mo rò pé iṣẹ́ tó rán an ló ń ṣe."

Màmá jáde kúrò lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, ohun tí mi ò rí i ṣe rí láyé mi, àwọn ènìyàn ń ká ẹsẹ̀ wọn kúrò lọ́nà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ jókòó síta fún? Idan ní kí ẹ wá gbé ìkòkò."

Ibẹ̀ náà ni Ìyá Rasim ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mo rí ìpè yẹn. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì." Ó bọ́ bàtà kan, ó gbàgbé èkejì sí ẹsẹ̀, ó wọlé bẹ́ẹ̀. Òun di etí kan ìkòkò mú, èmi di èkejì; èmi ni mo gbé e ní ti gidi, nítorí ọ̀rọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n òun ló ń pariwo pé kí n rọra.

Wọ́n ti la àyà rẹ̀, Bàbá, wọ́n sì ti rán an. Ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jà lórí iyọ̀. Àárò yín ń sọ wá, lójoojúmọ́ ló ń sọ wá, a sì fẹ́ràn yín bí ẹni pé òwúrọ̀ yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ sí ìsọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín wà nínú ilé.